Òkúta Aláwọ̀ Òṣùmàrè: Kí Ẹni Tí Yóò Rà Á La Ojú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Èmi fi kún un pé ẹni tí kò mọ iyì ohun tí ó ń rà ni ẹlẹ́tàn máa ń tètè dá mọ̀ lọ́jà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ònkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn olówó ń wá kiri láti tò sínú àpótí onídígí, tàbí láti fi ṣe òrùka: ìkarahun àmọ́náìtì tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò pè é ní ìgbín, nítorí bí ó ti ká. Kì í ṣe ìgbín rárá. Ẹran inú òkun ni, ìbátan ọ́kítópọ́ọ̀sì. Inú ìkarahun rẹ̀ pín sí yàrá-yàrá, yàrá tí ó kẹ́yìn ni òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé. Ìran wọn parun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Láti ara Ammon, òrìṣà Íjíbítì tí ó ní ìwo àgbò, ni a ti mú orúkọ rẹ̀.

Àwọn tí òkìkí wọn kàn jù fún àwọ̀ wá láti Alberta ní Kánádà, lẹ́bàá odò St. Mary, nítòsí ìlú Lethbridge. Ní mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkun ni ó bo ibẹ̀. Àwọn ẹran náà kú, wọ́n rì, ẹrẹ̀ sì bò wọ́n. Kì í ṣe ọ̀dà ni a fi kùn wọ́n. Ìpele tín-ín-rín púpọ̀ ni ó wà lára ìkarahun náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú wọn a sì padà jáde ní oríṣiríṣi àwọ̀, bí a ti ń rí i nígbà tí epo mọ́tò bá kán sínú omi òjò. Pupa àti àwọ̀ ewé ni ó pọ̀. Búlúù àti elésè àlùkò ṣọ̀wọ́n.

Kí àwọn òyìnbó tó mọ iyì rẹ̀ ni àwọn Blackfoot, onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń pè é ní iniskim, èyíinì ni òkúta ẹfọ̀n. Ìtàn wọn sọ pé nígbà ìyàn, obìnrin kan gbọ́ tí òkúta ń kọrin. Ó gbé e lọ sílé, ó fi orin náà kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹfọ̀n sì padà wá. Ní 1981 ni CIBJO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, kà á mọ́ òkúta iyebíye. Ní 2004, Alberta sọ ọ́ di òkúta iyebíye ti ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ gbọ́ ibi tí ewu wà. Apá tí ó ń dán yìí kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan, ó sì rọ̀, kò ṣòro láti ha. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà fi ń lẹ òkúta mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ohun tí ó mọ́ bí dígí bo ojú rẹ̀. Odindi ìkarahun pàápàá sábà máa ń fọ́ nínú ilẹ̀, a ó sì tò ó pọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí bí ẹni tí ń tà bá là á yé ẹni tí ń rà. Ìdákẹ́ ni olè.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Whitby, ní Íńgíláǹdì, wọ́n gbàgbọ́ pé Hilda Mímọ́ ni ó sọ ejò di òkúta. Nígbà tí àmọ́náìtì kò ní orí, àwọn ọlọ́jà gbẹ́ orí ejò sí i, wọ́n sì tà á fún àlejò! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó bi olùtajà ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: níbo ni ó ti wá? Ti Madagásíkà náà ń dán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti Alberta. Èkejì: kí ni a lẹ̀ mọ́ ọn, kí ni a sì fi dí i? Ẹ̀kẹta: ìwé rẹ̀ dà? Ní Alberta, ìjọba ni ó ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀, títí ìjọba yóò fi fúnni ní ìwé. A sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó gbé e jáde ní Kánádà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ilẹ̀ tiwa náà kò ṣófo. Ní 1955, Richard Reyment tẹ ìwé lórí àwọn àmọ́náìtì ìhà gúúsù Nàìjíríà jáde. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé òkun ti wà rí níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ gbígbẹ lónìí. Ẹ̀kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò lè fi dígí bò ó tà fún wọn.