Bí Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Gáàsì Bá Dákẹ́, Ẹ Má Tíì Fọkàn Balẹ̀

Òdo tó bá hàn lójú ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò lè túmọ̀ sí ohun méjì: bóyá gáàsì kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, bóyá ẹ̀rọ náà ni kò lè gbóòórùn mọ́. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ yìí fi nílò ìtọ́jú nìyẹn.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Hóró méjì tí kò tó orí ìṣáná ló wà nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo àti gáàsì. Wáyà platinum tín-ín-rín wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, iná bátìrì á sì mú wọn gbóná dé nǹkan bí 500°C. Wọ́n fi èròjà tó ń mú gáàsì jóná kun ọ̀kan. Èkejì kò ní in. Bí gáàsì bá wọlé, hóró tó ní èròjà á jó o láìsí ọwọ́ iná, á sì gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń sọ di nọ́ńbà.

Nọ́ńbà náà ń sọ bí a ṣe súnmọ́ ìbúgbàù tó. Propane, tó wà nínú gáàsì ìdáná wa, lè gbiná bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pè ní 100. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti ṣètò láti ké láti 10 tàbí 20, kí èèyàn lè ráyè sá.

Kí ló ń bà á jẹ́?

Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ni silicone. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ òróró tí wọ́n ń fín sára irin, nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé, àti nínú ohun tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ dán. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá bá afẹ́fẹ́ wọlé, á jó mọ́ hóró náà lára, á sì bò ó. Gáàsì á dé, kò ní í jóná, ẹ̀rọ á máa kọ òdo. Bátìrì rẹ̀ kún, iná ojú rẹ̀ ń tàn, kò sì sí ohun tó jọ àìsàn lára rẹ̀. Òjé àti imí ọjọ́ náà ń ṣe é ní jàǹbá.

Yàtọ̀ sí èyí, hóró náà kò lè jó gáàsì láìsí ọ́síjìn. Bí gáàsì bá kún inú táńkì débi tó lé afẹ́fẹ́ jáde, nọ́ńbà lè wálẹ̀ lásìkò tí ewu pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wọ táńkì fi ń wọn ọ́síjìn pẹ̀lú.

Báwo la ṣe ń dán an wò?

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ ni kí ẹ ti tàn án. Bí ẹ bá dá a padà sí òdo níbi tí gáàsì wà, yóò ka gáàsì yẹn sí afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fẹ́ gáàsì oníwọ̀n sí i láti inú sílíńdà kékeré tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Methane máa ń gbiná láti ìdá 5 nínú 100. Nítorí náà, bí ti inú sílíńdà bá jẹ́ 2.5, ẹ̀rọ tí a ṣètò fún methane gbọ́dọ̀ kọ nǹkan bí 50, kó sì ké. Bí kò bá ké, kó má bá yín lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn kan máa ń tú gáàsì láítà sí i. Butane inú láítà kò lábùlà. Ó lè mú hóró náà gbóná kọjá ààlà. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ké, a kàn mọ̀ pé ó gbọ́ igbe ni, a kò mọ̀ bóyá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní kí a máa tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Aṣọ tí a fi omi rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ má fi sípíríìtì nù ún.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó má wo dídán ara rẹ̀. Kó ní kí wọ́n fẹ́ gáàsì oníwọ̀n sí i lójú òun, kó sì béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ hóró inú rẹ̀ kẹ́yìn, torí ọdún díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹni tí kò bá sì ní gáàsì ìdánwò, omi ọṣẹ tí a ń fi sẹ́nu sílíńdà nílé láti wò ó bóyá yóò hó ṣeé gbọ́kàn lé ju ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò dán wò lọ.