Ìtọ́kọ̀ àti Ìrukọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ohun Èlò Gbígbé Ọkọ̀ Ojú Omi Gun Kẹ̀kẹ́

1. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ohun èlò kékeré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti ará Bìrìtéènì tí wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi máa ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ wọn, kí a sì dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ fún un. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé a yan ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun èlò náà fi ìṣòro kan hàn kedere tí ó ń bá gbogbo ẹni tí ń túmọ̀ ìwé nípa ẹ̀rọ fínra: bí orúkọ tí a fún ohun kan bá ṣi iṣẹ́ rẹ̀ sọ, ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé wa yóò ba nǹkan jẹ́.

Ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, inú omi tàbí etí omi ni ọkọ̀ sábà máa ń wà. Abájọ tí èdè wa fi ní ọ̀rọ̀ tí ó múná dóko fún ìrìn ọkọ̀ lórí omi: àjẹ̀, ìtukọ̀, ìgbòkun, ìdákọ̀ró, èbúté. Ní Amẹ́ríkà, àgbàlá olówó wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ń gbé. Nígbà tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá fẹ́ lọ pẹja, yóò so kẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tò, yóò wà á dé etí adágún, yóò sì fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkọnkéré títí kẹ̀kẹ́ yóò fi wọ omi tí ọkọ̀ yóò sì léfòó. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí fún irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ó fi mítà 12 sí 15 lọ sílẹ̀ nínú mítà 100.

Lílọ kò ní wàhálà; bíbọ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, abẹ́ omi ni kẹ̀kẹ́ wà, atukọ̀ kò sì rí i dáadáa. Bí iwájú ọkọ̀ bá ti kan kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ tàbí ìṣàn omi lè gbá ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá fa kẹ̀kẹ́ jáde báyìí, omi yóò fà sílẹ̀, ọkọ̀ yóò sì jókòó wọ́wọ́, bóyá lórí irin tí ó bo táyà. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so ohun méjì tí ó dọ́gba mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kí ọkọ̀ lè gba àárín wọn wọlé.

2. Ọkọ̀, mọ́tò àti tírélà

Kí a tó kan orúkọ àwọn ohun méjì náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí mọ́tò ti dé ilẹ̀ wa ni a ti yá orúkọ ọkọ̀ omi fún ti ilẹ̀, kí a tó tún yá a fún ti òfuurufú. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn bíi: ‘Fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ títí yóò fi dúró déédéé.’ Èwo ni kí a fà sẹ́yìn? Ẹni tí ó bá ṣi èyí gbọ́ lè wa mọ́tò rẹ̀ wọ adágún. A dábàá pé, nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ jẹ́ ti omi nìkan, kí mọ́tò sì jẹ́ ti ilẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ àyálò ni mọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé; a kò rí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Tírélà kò ṣeé lò ní tirẹ̀, nítorí pé ní etí ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọkọ̀ akẹ́rù gbọ̀ọ̀rọ̀ ni ó ń jẹ́. Ọmọlanke náà kò bá a mu: ènìyàn ni ń fi ọwọ́ tì í. Kẹ̀kẹ́ àsomọ́ ni àwa yóò lò.

3. Ìtọ́kọ̀ àti ìrukọ̀

Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tí ń túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni amọ̀nà. Ẹ̀hun rẹ̀ yé wa: a, mọ̀, ọ̀nà, ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n amọ̀nà a máa rìn níwájú, kí ẹni tí ó ń mọ̀nà fún sì máa tẹ̀lé e. Ohun tí a ń sọ yìí kò lọ síbì kankan. Ojú kan ni ó wà. Ọkọ̀ ni ó ń kọjá lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe tọ́ ń sọ, bí a ti ń tọ́ ọmọ kí ó má baà yà bàrá.

Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ ọn, a ó rí atọ́kọ̀. Àfòmọ́ yìí kì í ṣe ti ènìyàn nìkan, gẹ́gẹ́ bí asẹ́ àti amúga ti fi hàn. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀, a- ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ènìyàn: atukọ̀, awakọ̀. Ì- ni ó ń bá ohun èlò lọ: ìtukọ̀, ìdákọ̀ró. Nítorí náà ìtọ́kọ̀ ni a fara mọ́. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé ìtọ́kọ̀ lè túmọ̀ sí ìṣe títọ́ ọkọ̀ lè fi ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé abẹ ìfárí tàbí pátákó ìkọ̀wé: ọ̀pá ìtọ́kọ̀, pákó ìtọ́kọ̀.

Àwọn kan lè fẹ́ ìdìmú, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ohun méjì náà di ọkọ̀ mú. Níhìn-ín gan-an ni orúkọ ti lè ba nǹkan jẹ́. Omi ni ó gbé ọkọ̀ nígbà tí ó ń léfòó. Nígbà tí a bá fa kẹ̀kẹ́ jáde, àwọn igi gbọọrọ tí a fi kápẹ́ẹ̀tì bò, tí wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ omi. Àwọn wọ̀nyí ni a pè ní igi ìrukọ̀, láti inú rù àti ọkọ̀. Ìtọ́kọ̀ kò ru ohunkóhun. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé pé ìdìmú ni, yóò fún un mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Ní ojú ọ̀nà, bí kẹ̀kẹ́ ti ń mì, irin yóò wọ́, ara ọkọ̀ yóò sì máa họ. Ó tilẹ̀ lè rò pé òun kò nílò okùn ìdè mọ́, bẹ́ẹ̀ okùn ìdè nìkan ni ó ń di ọkọ̀ mú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà ìrìn àjò. Àlàfo ínǹṣì kan sí méjì, tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5, ni ó yẹ kí ó wà láàárín ìtọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ara ọkọ̀.

4. Yíyàn àti síso

Ọ̀pá ìtọ́kọ̀ jẹ́ páìpù oníke tí ó dúró ṣánṣán lórí apá irin. Àǹfààní rẹ̀ tí ó ga jù ni pé ó ń hàn lókè omi: atukọ̀ ń rí i, awakọ̀ náà sì ń rí i nínú dígí mọ́tò nígbà tí ọkọ̀ kò sí lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ tàbí ìṣàn omi bá ti le, pákó ìtọ́kọ̀ tí ó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni a fọwọ́ sí, nítorí pé ó ń tọ́ ọkọ̀ títí omi yóò fi tán lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ohun yíyí ṣe é. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹni tí ń lo omi iyọ̀ kò gbọdọ̀ ra irin tí a kàn fi ọ̀dà kùn. Irin tí a rì sínú síǹkì yíyọ́ ni ó ń pẹ́. Ti igi nìkan ni ó gba àròjinlẹ̀. Láti òpin ọdún 2003 ni wọn kò ti fi oògùn tí ó ní ásẹ́níìkì sí igi tí a ń tà fún ìlò ilé ní Amẹ́ríkà mọ́. Bàbà ni ó pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bàbà náà sì ń jẹ àlùmíníọ̀mù. Ọlọ́kọ̀ àlùmíníọ̀mù kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú igi bẹ́ẹ̀ kan ara ọkọ̀ rẹ̀. Kí ó sì wo ìbú pẹ̀lú. Ìtọ́kọ̀ a máa yọ síta ju kẹ̀kẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni òfin Bìrìtéènì kò gbà kí kẹ̀kẹ́ àsomọ́ fẹ̀ ju mítà 2.55 lọ.

Nígbà síso, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jókòó déédéé lórí igi ìrukọ̀, kí a tó wọn ohunkóhun. A kò ní lu irin kẹ̀kẹ́, nítorí pé ihò yóò la síǹkì, ìpẹtà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Bóòtù tí ó tẹ̀ kọdọrọ bíi lẹ́tà U, tí àwa ń pè ní bóòtù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ni a fi ń gbá irin náà mọ́ra, ní apá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, lọ́tùn-ún àti lósì ní ọ̀gangan kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ọkọ̀ tí ń léfòó ga ju ọkọ̀ tí ó jókòó lọ, àti pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń ga. Àlàfo tí ó tó lórí ilẹ̀ lè pọ̀ jù nínú omi. Nítorí náà, kí a má ṣe fún nọ́ọ̀tù pa títí a ó fi gbé kẹ̀kẹ́ wọ omi wò, kí a sì tún un fún lẹ́yìn ìrìn àjò kìíní.

Àwọn kan ń gbé iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sí orí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ kí omi má baà bò ó. Ẹni tí iná tirẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, tí ó sì jẹ́ gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná, ní láti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára mọ́tò kí ó tó wọ omi, nítorí pé omi tútù ń la gílóòbù gbígbóná.