Ìka ọwọ́ nìkan kò tó: bí ẹ ṣe lè mọ àwòrán tí AI ṣe

Lóṣù Kẹrin ọdún 2023, Boris Eldagsen, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ ẹ̀bùn tí ìdíje Sony World Photography Awards fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán rẹ̀ ló jáwé olúborí ní ìsọ̀rí kan: obìnrin méjì nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, àgbà wà lẹ́yìn ọ̀dọ́, àfi bíi pé ayé àwọn ìyá àgbà wa ni wọ́n ti yà á. Kò sí obìnrin kankan níbì kan. AI ni Eldagsen fi ṣe é. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń ṣètò ìdíje ti múra sílẹ̀ de irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀rọ̀ yí bìrí. Onífọ́tò Miles Astray jẹ́wọ́ pé fọ́tò gidi lòun mú wọ ìsọ̀rí tí ìdíje 1839 Awards yà sọ́tọ̀ fún AI. Ipò kẹta ni àwọn adájọ́ fi í sí, àwọn tó dìbò sì ní òun ló dára jù. Ẹyẹ flamingo kan ló wà nínú rẹ̀, lórí iyanrìn etíkun ní erékùṣù Aruba. Ó tẹ orí ba, ó ń fi àgógó ẹnu họ ikùn, débi pé a kò rí orí rẹ̀, a kò rí ọrùn: ìṣù òwú píǹkì kan lórí ẹsẹ̀ méjì tó rí tínínrín. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje náà.

Bí ojú àwọn tó mọṣẹ́ bá lè tàn wọ́n báyìí, kí ni tiwa?

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ká ka ìka ọwọ́. Ó nídìí. AI kò mọ egungun. Àwòrán àti àkọlé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àkójọ LAION-5B tó jáde lọ́dún 2022 nìkan ní àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún. Inú rúdurùdu àmì kéékèèké ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó jọ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un á fi yọ. Nínú fọ́tò, ọwọ́ lè ká, ó lè di ife mú, ó lè fara pamọ́ sápò. AI wá mọ bí ọwọ́ ṣe ń rí, kò mọ iye ìka tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ara pátákó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣàtúnṣe sí i, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ìka yóò ṣìnà.

Irú ìfura yìí sì ń pa àwọn oníṣẹ́ ọnà lára. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n yọ iṣẹ́ ayàwòrán Ben Moran kúrò lójú òpó àwòrán kan lórí Reddit, wọ́n ní AI ló ṣe é. Ó ní òun ṣe tán láti fi fáìlì iṣẹ́ náà hàn. Alábòójútó dá a lóhùn pé kó lọ wá ọ̀nà mìíràn tí yóò máa gbà yàwòrán! Lójú tèmi, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Irú fáìlì tí wọ́n kọ̀ láti wò yẹn gan-an ni ẹ̀rí: àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà, ìpele iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde. SynthID, àmì tí Google gbé jáde lọ́dún 2023, máa ń fara pamọ́ sínú àwòrán tí AI ṣe, àmọ́ kì í sí lára ohun tí irinṣẹ́ tí kò lò ó bá ṣe. Àkọsílẹ̀ C2PA náà ń sọ ibi tí àwòrán ti wá, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti fi fóònù ya ojú ìwò (screenshot), ó ti dàwátì.

Nígbà tí Malik Afegbua, ọmọ Nàìjíríà, gbé àwòrán àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe àfihàn aṣọ jáde lóṣù Kìíní ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé AI lòun lò. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo AI máa ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń ra àwòrán, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ayédèrú.