Mẹ̀sí Tí Baba Fi Sílẹ̀: Ẹ Wo Inú Ẹ́ńjìnnì Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Sílé

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bí ọdún bá sì ti ń lọ sópin ni olúkúlùkù wa máa ń múra àtilọ sílé. Àwọn kan ń lọ sin òbí, àwọn kan ń lọ gbé ìyàwó, àwọn mìíràn ń lọ ṣí ilé tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan àwọn tó fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ tí baba wọn fi sílẹ̀ rin ìrìn àjò náà, pàápàá Mercedes-Benz onísílíńdà mẹ́jọ.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Sábó, ní Kánò yìí, kò ní ṣàì mọ ọkọ̀ tí mò ń wí. Láti 1979 títí di 1991 ni wọ́n fi ṣe irú èyí tí wọ́n ń pè ní W126 ní Jámánì. Nínú wọn ni 380, 420, 500 àti 560 wà. Sílíńdà mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni, tí ọmọdé àdúgbò máa ń sáré jáde wò. Àwọn baba tó rà á ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì ń bẹ lábẹ́ tápólì nínú ọgbà. Àwọn ọmọ á máa wí pé, “Ọkọ̀ baba wa kò rìn púpọ̀, kò tíì gbó.” Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí.

Akọ̀wé rélùwéè ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹnu àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè mọ ohun tí àkókò jẹ́. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ọkọ̀ ojú irin méjì kò gbọdọ̀ wà láàárín ibùdó kan sí èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní láti dúró kí èkejì kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ẹ́ńjìnnì rí. Písítìnì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà. Fáàfù náà ń yọ orí wọ àyè kan náà, ó sì ń padà. Nígbà tí písítìnì bá ń gòkè bọ̀, fáàfù gbọ́dọ̀ ti fà sẹ́yìn fún un.

Ohun tó ń pín àkókò fún àwọn méjèèjì ni ṣéènì irin gígùn kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn ṣéènì. Ó so kíráńkì tó wà nísàlẹ̀ mọ́ káàmù méjì tó wà lókè, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù á yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ṣéènì náà gùn, ì bá máa jò bí okùn tí ọmọdé ń fò, bí kò bá sí ohun tó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ gáìdì nìyẹn. Gáìdì jẹ́ ike tó tẹ̀ bí egungun ìhà, tí ṣéènì ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Píìnì irin méjì ló dì í mú mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ńṣọ́nà, tí ọ́ìlì ń tì, ni tirẹ̀ ń fún ṣéènì kí ó má bàa dẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé irin ni ṣéènì, ike sì ni gáìdì? Ibẹ̀ ni ìyọnu ti ń wá. Ooru àti ọ́ìlì gbígbóná ń jẹ ike náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gan bí èèpo ẹ̀pà. Kì í ṣe ìrìn nìkan ló ń sọ ọ́ di gbígbó, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1985, ì báà rìn, ì báà má rìn, ike tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ tó bá ṣẹ́, ègé rẹ̀ á bọ́ sáàárín ṣéènì àti eyín káàmù. Ṣéènì á fo eyín, àkókò á dàrú, fáàfù á sì pàdé písítìnì lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin méjì ló kọlu ara wọn yẹn.

Ẹbí kan wà ní àdúgbò wa tí n kò ní dárúkọ. Baba wọn fi 380 kan sílẹ̀, ó sì wà lábẹ́ tápólì fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ìrántí baba kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n pe mẹkáníìkì kan. Ó ra bátìrì tuntun, ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti táyà, ó ta iná sí i, ọkọ̀ dáhùn, gbogbo ilé hó yèè. Àkọ́bí wọn béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wo ṣéènì rẹ̀?” Mẹkáníìkì dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣéènì Mẹ̀sí kì í já. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún wẹ́rẹ́.” Òótọ́ ni, ó ń dún wẹ́rẹ́. Láàárín Mókwà sí Jẹ́bà, ìró kan dún bí ìgbà tí òkúta bá bà páànù, ọkọ̀ sì kú síbẹ̀. Ìyá wọn, arúgbó, wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, fáàfù mẹ́fà ló ti wọ́. Owó àtúnṣe ju iye tí ẹnikẹ́ni yóò ra ọkọ̀ náà lọ, ni wọ́n bá tà á ní ègé ègé. Ìyá náà ní òun kò sunkún owó. Ọkọ̀ tí ọkọ òun fi ń gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ni òun ń sunkún.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìró tó ṣáájú. Lóòótọ́, bí ẹ bá ta iná lówùúrọ̀ tí ẹ gbọ́ wọ́rọwọ̀rọ níwájú ẹ́ńjìnnì, tí kò sì dákẹ́ láìpẹ́, ẹ pa á, ẹ má tún ta á mọ́. Ṣùgbọ́n gáìdì tó ti gan lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò ṣẹ́. Ojú ni kí ẹ fi rí i, ẹ má gbára lé etí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí fáàfù méjèèjì, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ike náà bá ti pọ́n bí obì gbígbẹ, tàbí tí ó ti là, tàbí tí ṣéènì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà jíjìn sí i lára, ó ti tó pààrọ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sọ pé àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nítorí gáìdì òkè, ẹ wá ẹlòmíràn. Wọn kò ní láti sọ ọ́ kalẹ̀, wọn kò sì ní láti tú orí rẹ̀. Báyìí ni ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe é. Á tú okùn bátìrì àti pọ́lọ́ọ̀gì, á sì yọ ohun tó bá dí iwájú píìnì. Á fi sípánà yí kíráńkì lọ́wọ́, síbi tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí nìkan, kò ní yí i padà sẹ́yìn. Nígbà tí àmì kíráńkì bá bọ́ sí òdo, tí àmì káàmù méjèèjì sì ṣe déédéé, á dúró. Á fi wáyà so ṣéènì mọ́ eyín káàmù, á fi àkísà dí ihò kí nǹkan má bàa jábọ́ sísàlẹ̀, kó tó tú tẹ́ńṣọ́nà.

Píìnì ló ń fi òpè hàn. Òpè á fi sukudiráfà kọ́ ọ, orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù á sì là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dé bóòtì mílímítà 6 wọ inú píìnì, á sì fi òòlù tó ń yọ̀ lórí ọ̀pá fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń dá a padà, á fi gọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì pa á kí ọ́ìlì má bàa jò. Bí ṣéènì náà bá ti gùn jù, á so tuntun mọ́ ti àtijọ́, á máa yí kíráńkì díẹ̀díẹ̀ títí tuntun á fi wọlé tán, ẹnì kejì á sì máa dì í mú. Bó bá parí, á fi ọwọ́ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí gbogbo àmì tún padà síbi tí wọ́n wà. Bí ohunkóhun bá dènà rẹ̀, á dúró, kò ní fi agbára tì í. Bí gáìdì bá sì ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n kó gbogbo ègé rẹ̀ jáde kúrò nínú àwo ọ́ìlì.

Ní ti rírà, ì báà ṣe Ládípọ̀ ní Èkó ni ẹ ti rà á, ẹ má ra gáìdì tòkunbọ̀. Ike tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín, ẹgbẹ́ tiyín náà ni nínú gígan. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, nítorí ṣéènì yàtọ̀ síra. Àwọn 380 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1981 sí 1983 ní ṣéènì onílà kan, tó máa ń tètè gùn. Láti 1984 ni wọ́n ti sọ ọ́ di onílà méjì. Ẹni tó bá ní onílà kan, kó tètè ṣí i wò ṣáájú gbogbo ènìyàn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ẹbí tó jogún ọkọ̀ baba kọ́kọ́ dá owó gáìdì jọ, kí wọ́n tó jiyàn ta ni yóò wà á. Ẹ má ta iná sí ọkọ̀ tó ti pẹ́ lábẹ́ tápólì títí wọn yóò fi ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Ike kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣọ́ gbogbo ìyókù.

Kí Olódùmarè mú gbogbo wa délé láyọ̀, kó sì mú wa padà sí àjò ní àlàáfíà. Àṣẹ.