Wẹ́dà tó fẹ́ máa ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere: ṣé gáàsì ni àbí mànàmáná?

Géètì àti irin ojú fèrèsé ni iṣẹ́ tí wẹ́dà mọ̀ jù. Àmọ́ ní Kósọ̀fẹ́, níbi tí ẹrù ata àti tòmátò kì í dáwọ́ dúró lọ́jà Mile 12, ẹni tó bá lè ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń gbẹ́rù nílé rẹ̀ ti ní nǹkan tí yóò tà. Ọ̀nà tí yóò fi jó irin náà ni kó kọ́kọ́ rò.

Páìpù kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ mànàmáná tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wẹ́dà fi máa ń lù ú. Ẹni tí kò bá ní òmíràn, kó lo ẹlẹ́kítíróòdù mìlímítà 2, kó dín iná kù sí bíi áńpù 50, kó sì máa jó o díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e. Àfi kó dúró de NEPA.

MIG dára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn máa ń gbé gáàsì rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìta ni wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. TIG ló mọ́ jù, owó rẹ̀ ló wọ́n.

Èyí tó bá apò mu jù ni iná gáàsì tí àwọn panẹ́bítà ń lò, pẹ̀lú ọ̀pá bíráàsì. Bíráàsì ń yọ́ ní nǹkan bíi 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius; irin kì í yọ́ títí yóò fi dé bíi 1,500. Páìpù yóò dúró digbí, bíráàsì yóò sì ṣàn wọ ojú oríkèé bíi gọ́ọ̀mù. Bíráàsì náà ni ilé iṣẹ́ Raleigh ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi so kẹ̀kẹ́ tí àwọn àgbà gùn láyé ọjọ́sí.

Àmọ́ páìpù gbọ́dọ̀ bá ara mu pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi bóráàsì sí i. Páìpù omi tí wọ́n fi zinc bò kò dára, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà. Kí wọ́n kọ́kọ́ jó méjì dánwò, kí wọ́n fi ayùn là á wò.

Kábáìdì, èyí tí NAFDAC ń kìlọ̀ fún àwọn eléso pé kí wọ́n má fi pọ́n èso, ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe gáàsì yìí. Ó lè bú gbàmù bí agbára rẹ̀ bá ju 15 psi lọ, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ inú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n lò ó láìsí fáàfù tí kì í jẹ́ kí iná padà sínú rọ́bà.

Fọ́ọ̀kì iwájú ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ má tíì dáwọ́ lé. Kó ra ti kọ̀ǹpìnì, ìbáà jẹ́ tòkúnbọ̀ tí kò tẹ̀. Bí ibi ìgbẹ́rù bá já, tòmátò ló máa dà nù; bí fọ́ọ̀kì bá já lójú títì Ìkòròdú, ojú ni ẹni tó gùn ún yóò fi gbálẹ̀.