Iná Ẹ̀gbìn àti átọ́ọ̀mù tó ń gbé inú ìmọ́lẹ̀

Ní Ẹ̀gbìn, lágbègbè Ìkòròdú, ni wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná láti ọdún 1985, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tó kúrò níbẹ̀ ló ń dé ilé àwọn èèyàn. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná rìn nínú wáyà a máa forí gbá nǹkan lọ́nà, wáyà yóò gbóná, apá kan iná náà yóò sì ti ṣòfò.

Àwọn ohun kan wà tí iná ń gbà kọjá láìṣòfò rárá bí wọ́n bá tutù tó. Irú èyí tí Georg Bednorz àti Alex Müller ṣàwárí lọ́dún 1986 ló ya aráyé lẹ́nu jù, nítorí kí wọ́n tó po èròjà mìíràn mọ́ ọn, kì í jẹ́ kí iná kọjá: àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kì í fẹ́ sún mọ́ra, kálukú a jókòó sí àyè tirẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀nà tó já gaara, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé e lórí.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni láti fi átọ́ọ̀mù dípò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kí wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ dípò irin. Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé bí ìgbì bá kọlu ògiri èbúté, tó padà wá pàdé èyí tó ń bọ̀, omi a máa lọ sókè, sódò lójú kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ léésà tó kọlu dígí ń ṣe. Bí wọ́n bá tàn án láti ọ̀nà mẹ́ta, yóò di kòtò tíntìntín tó rí bíi kírééètì ẹyin tí wọ́n tò léra wọn. Ẹyin kò lè dé ojú kejì láìgun ògiri àárín. Átọ́ọ̀mù lè ṣe é láìgùn ún, nítorí òun náà ní ìwà ìgbì lára, ó sì ń yọ́ kọjá.

Nínú iṣẹ́ tí Markus Greiner, Immanuel Bloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní Munich, Jámánì, lọ́dún 2002, wọ́n kó átọ́ọ̀mù rubidium sínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, nínú òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 273 nísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò le, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wà káàkiri inú kòtò gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mú ìmọ́lẹ̀ le, kálukú bá dúró gbagidi sójú kan, nínú kòtò tó lé ní 100,000. Wọ́n dín in kù, gbogbo wọn tún di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n rubidium yẹn kò hùwà bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tán. Lọ́dún 2017, Greiner, tó ti wà ní Harvard, Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú lithium kan tó bá a mu jù, wọ́n sì rí i tí àwọn átọ́ọ̀mù náà tò, ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń tò nínú ohun tí Bednorz àti Müller ṣàwárí irú rẹ̀, kí ọ̀nà iná tó ṣí.