Kí Fóònù Tó Dákẹ́: Àwọn Onírédíò Afínnúfíndọ̀ṣe àti Ìmúrasílẹ̀ Wọn

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Maria kọlu erékùṣù Puerto Rico. Inú Òkun Karibéánì ni erékùṣù náà wà, lábẹ́ àṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, iná mànàmáná ti kú láti òkun dé òkun. Àjọ tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé nínú gbogbo òpó fóònù alágbèéká tó wà níbẹ̀, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lé ní 95 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní erékùṣù náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé ní New York tàbí Florida. Ó pe fóònù, kò lọ. Ó tún pè é ní ọ̀sán, ó pè é ní òru. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó yè. Àwa tí a wà ní ilé-ìwé yìí kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001 rántí pé odindi sáà ẹ̀kọ́ lè lọ láìgbúròó ilé, àfi bí lẹ́tà bá dé tàbí bí ẹnìkan bá ti ọ̀nà wá. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ìgbà náà kò bani lẹ́rù, nítorí kò sí ẹni tó retí ohun mìíràn. Lónìí, bí ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa ní Houston tàbí London bá dúró lórí àmì kan ṣoṣo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun òbí mọ́.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Nàìjíríà náà jẹ nínú rẹ̀: íntánẹ́ẹ̀tì fà, iṣẹ́ àwọn báǹkì kan sì dúró. Ìjì kò jà, ilẹ̀ kò mì ní Èkó. Nǹkan bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi, a sì mọ̀ ọ́n lára lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní Puerto Rico, àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jáde nínú òkùnkùn náà ni àwọn onírédíò afínnúfíndọ̀ṣe, àwọn tí àgbáyé ń pè ní ham. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń ka ìròyìn. Olùkọ́ wà nínú wọn, mẹkáníìkì wà nínú wọn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò, ìjọba fún wọn ní ìwé-àṣẹ àti àmì-ìpè tí a fi ń dá olúkúlùkù mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, òfin sì kọ̀ fún wọn láti gba owó lórí ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń gbé inú erékùṣù náà, tí ìjì ti ba ilé tiwọn náà jẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn èyí, Àjọ Red Cross ti Amẹ́ríkà bẹ ẹgbẹ́ American Radio Relay League, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1914, pé kí wọ́n wá 50 onírédíò tó lè lọ. Àwọn 22 ni wọ́n rán lọ níkẹyìn. Ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ wọn ni láti fi orúkọ àwọn tó yè ránṣẹ́, kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè mọ̀ pé ẹni wọn ṣì wà láàyè.

Ohun tó mú kí rédíò wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù kú kò ṣòro láti yé ni. Fóònù alágbèéká kì í bá fóònù mìíràn sọ̀rọ̀ tààrà. Òpó ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Òpó á gbé ọ̀rọ̀ náà fún wáyà tàbí òpó mìíràn, wọ́n á gbé e dé ilé-iṣẹ́ tó ni ín, kí ó tó padà wá sétí ẹni tí a ń pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlé kejì ni onítọ̀hún wà. Bí ọ̀kan nínú àwọn alárinà wọ̀nyí bá ṣubú, tàbí tí dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá tán, ọ̀rọ̀ ti já. Rédíò ham kò ní alárinà tó pọn dandan. Bátìrì mọ́tò kan, rédíò kan, àti wáyà bàbà tó gùn tó nǹkan bí 20 mítà tí a ta láàárín igi méjì, èyí tó fún ẹnìkan láti sọ̀rọ̀ lórí ìgbì 7 MHz. Ìgbì náà gòkè lọ bá ìpele kan tí oòrùn ti fún ní agbára iná, láti nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, ibẹ̀ ni ó sì ti tẹ̀ padà wá sí ilẹ̀. Bí a bá ta wáyà náà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbì náà a lọ sókè tààrà, a sì rọ̀ sílẹ̀ bí òjò ká gbogbo agbègbè, òkè kì í lè dí i. Rédíò kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí ojú lè dé ni tirẹ̀, ẹni tó bá wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì ní Ìdànrè kò lè fi í bá ará ẹ̀yìn àpáta sọ̀rọ̀. Ìgbì tó dára lọ́sàn-án sì lè máà dára lóru. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí ní ọjọ́ àjálù ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ gan-an nìyẹn, lójú tiwa òun sì ni ó yẹ kí ó jẹ òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ lógún ju ẹ̀rọ lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ kọ́ ni bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́ láì-fi-kún, láì-yọ-kúrò. Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹni tó gbé àrokò kò gbọ́dọ̀ fi owó ẹyọ kan kún un lójú ọ̀nà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Nọ́ńbà iṣẹ́ náà wà lókè rẹ̀, àti àmì-ìpè ẹni tó kọ́kọ́ gbà á, ibi tó ti wá, wákàtí àti ọjọ́. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín iṣẹ́ sí: pàjáwìrì, èyí tó kánjú, ìròyìn àlàáfíà ẹbí, àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Wọ́n máa ń gé orúkọ àwọn ìpele yòókù kúrú sí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n pàjáwìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkọ tán pátápátá, kí ojú má baà fò ó. Iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Bí ìwé bá ní 14, tí ẹni tó gbọ́ ọ kà á tó rí 13, ó mọ̀ pé ọ̀kan ti bọ́ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì béèrè rẹ̀ kó tó dìde níbẹ̀.

A ti ronú sí bí èyí yóò ti rí ní èdè tiwa. Tí orúkọ bá ṣòroó gbọ́, lẹ́tà lẹ́tà ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí: Alfa, Bravo, Charlie. Ẹ wá gbé Oscar, Juliett, Oscar yẹ̀ wò. Òjó ni, ẹ̀gbọ́n wa? Àbí òjò tó ń rọ̀? Àbí ọjọ́? Àbí ojo, ẹni tí kò láyà? Lẹ́tà àgbáyé kò ní àmì ohùn. Bí iṣẹ́ kan bá wá láti ìlú tí omi ń ṣàn wọ̀, tó sọ pé OJO TI DE, ẹni tó gbà á lè yọ̀ nígbà tó yẹ kó máa kó ẹrù. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ yóò sọ fún ẹni tó rán an pé kí wọ́n yí gbólóhùn náà padà: kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti dé, tàbí pé omi ti wọlé. Ohun kékeré báyìí ni wọ́n ń kọ́, ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn èkejì.

Èkejì tí wọ́n ń kọ́ ni ìdákẹ́. Lórí ìgbì kan, ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni méjì bá jọ sọ̀rọ̀, ariwo ni àwọn yòókù yóò gbọ́. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi ń yan olùdarí kan tí gbogbo wọn ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Ó ń pe àmì-ìpè, ó ń béèrè ẹni tó ní iṣẹ́ pàjáwìrì, a sì fi í síwájú. Àwa ọmọ Yorùbá yóò jìyà díẹ̀ níbí, nítorí kò sí àyè fún ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ilé ńkọ́. Bátìrì ni ìkíni ń jẹ. Àwọn tó ka ìwé Nehemáyà rántí pé àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù jìnnà sí ara wọn lórí odi, ẹni tó ń fọn ìpè sì dúró ti Nehemáyà fúnra rẹ̀, kí gbogbo wọn lè péjọ sí ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń fọn ìpè ní igun mẹ́wàá, àwọn ọ̀mọlé ì bá máa sá kiri ni.

Wọ́n tún ń dán ara wọn wò. Láti ọdún 1933 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe Field Day. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, wọ́n á kó rédíò jáde lọ sí pápá, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní lo iná ìjọba rárá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé di ọjọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé okùn jẹnẹrétọ̀ já, pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí kò wá, pé bátìrì tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò pé wákàtí méjì. Ní ìgbà ìwọ́wé, wọ́n tún ń ṣe ìdánrawò mìíràn tó dà bí ìgbà tí àjálù dé gan-an. Olúkúlùkù ní àpò tó ti dì sílẹ̀: wáyà, bátìrì, iná ọwọ́, bírò àti ìwé, omi, oúnjẹ tí kò nílò sísè, àti oògùn tirẹ̀. Ẹni tó lọ ṣèrànwọ́ kò gbọ́dọ̀ di ẹrù fún àwọn tó fẹ́ ràn lọ́wọ́. Wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni tó jáde, kí ó ti rí i pé ilé tirẹ̀ wà láìséwu.

Nígbà mìíràn, ìmúrasílẹ̀ wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí yóò wúlò fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, obìnrin ará Íńdíà kan, Bharathi Prasad, wà ní Port Blair ní erékùṣù Andaman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbádùn ni wọ́n bá lọ: àwọn onírédíò káàkiri ayé ti ń wá ohùn láti erékùṣù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 26, ilẹ̀ mì, òkun sì gòkè. Wáyà fóònù já. Ṣùgbọ́n rédíò wọn ti wà ní títò, áńténà ti wà lókè, àwọn tó ń gbọ́ wọn ti mọ ìgbì tí wọ́n ń lò. Wọ́n pa eré tì, wọ́n sì di ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà láàárín erékùṣù náà àti ilẹ̀ Íńdíà.

A kò fẹ́ bu iyì tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ fún rédíò yìí. Iṣẹ́ ọlọ́rọ̀ 20 lè gba ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta láti kà tán kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì lè gbé àwòrán àti fídíò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Winlink tó ń fi rédíò gbé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwé tó gùn, àmọ́ kò tó íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń wí pé níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá láti ojú ọ̀run báyìí, àkókò ham ti kọjá. A gbà pé ohun rere ni èyí jẹ́, kí ilé-ìwé tó bá lágbára rà á. Ṣùgbọ́n ti ilé-iṣẹ́ kan ni, owó oṣù ni ó ń jẹ, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ṣe é tún ṣe pẹ̀lú wáyà àti pílíásì.

Ohun kan tún wà tó ṣe ẹlẹgẹ́. Orí afẹ́fẹ́ kò ní ìlẹ̀kùn. Òfin kò gbà kí àwọn onírédíò wọ̀nyí fi èdè ìkọ̀kọ̀ bo ọ̀rọ̀ wọn, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí a tọ́ dáadáa kì í dárúkọ òkú níbẹ̀, kì í sì í ka àìsàn ẹnikẹ́ni sókè. Ìròyìn ikú ni a ń gbé lọ fún ẹbí pẹ̀lú ẹsẹ̀, ní ìjókòó.

Nàìjíríà kò sí lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Àmì-ìpè tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ẹgbẹ́ Nigerian Amateur Radio Society sì wà nínú àjọ àgbáyé tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1925. Ní Amẹ́ríkà, kò sí iye ọjọ́ orí tí a fi dí ọmọdé lọ́nà ìdánwò àkọ́kọ́: ìbéèrè 35 ni, ẹni tó bá gba 26 ti yege, wọn kò sì béèrè Morse mọ́ láti ọdún 2007. Níbí, ìwé-àṣẹ ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì láti sọ̀rọ̀, òbí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀ ní rédíò shortwave tó ní SSB nílé lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí. Ní apá ayé tiwa, 7,110 kHz àti 14,300 kHz wà lára àwọn ibi tí àwọn onírédíò fi ṣe ìpàdé fún ọjọ́ pàjáwìrì. Kí ó yí i síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó mú bírò àti ìwé dání, kí ó sì kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kìkì ìró ṣìììì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.